Eku Mẹ́rìnlélógún

Ọmọrí odó já lu àgò eku tó wà lókè, wáyà rẹ̀ sì wó sínú bí ẹnu tí ẹ̀ṣẹ́ bà. Kí Ìbíyẹmí tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, bàbá rẹ̀, Tíṣà Akínlẹ́yẹ, ti tún gbé e sókè. Agbádá tó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti ta sí i láyà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù!"

"Ọdún mẹ́ta lo ti ń sọ pé ó kù díẹ̀!"

Eku funfun kan fò jáde, ó sá sábẹ́ sítóòfù. Tíṣà tẹ̀lé e, ó fọ́ ọ lórí. Ìbíyẹmí da ara bo àgò kejì. Ọmọrí odó bà á ní ọrùn ọwọ́ òsì, eegun sì dún. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ. Síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ rọra o!" Àtọ́kẹ́ alájọgbé wọn pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ má pa ọmọ mọ́ eku jàre!"

Ìdúpẹ́ oyè dókítà tí Lucy, ọmọ ìjọ wọn, gbà ni Tíṣà ti ń bọ̀. Lucy àti Ìbíyẹmí jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́jọ́ kan náà ni. Lẹ́yìn ọdún kẹta, Lucy bá àwọn yòókù lọ sí wọ́ọ̀dù. Ìbíyẹmí yà sí ètò tuntun kan tí àwọn mẹ́ta péré wọ̀: ọdún mẹ́rin nídìí ìwádìí, kí wọ́n kọ ìwé lé e lórí, kí wọ́n tó padà wá parí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì gba oyè méjì jáde. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ títí. Ohun tó yé Tíṣà kò ju pé wọ́n lé ọmọ òun kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn, wọ́n fi í ṣọ́ eku.

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti Yunifásítì pa, Ìbíyẹmí kó eku mẹ́rìnlélógún wá sílé ní Ìgandò. Méjìlá ń mu àgbo ibà, méjìlá ń mu omi lásán, kó lè mọ ohun tí àgbo ń ṣe fún ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá ṣòfò, yóò tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ yìí, ìyá Lucy dúró lójú gbogbo ìjọ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ìgbà wo làwọn eku tiyín máa gboyè jáde?"

Tíṣà fi ọmọrí odó ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó parí. Lọ sọ fún wọn pé eku ti tán. Wọ́n á dá ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn."

Ìbíyẹmí wò ó. Ó yé e pé nítorí òun ni bàbá òun ṣe ṣe é. Ó wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà ò tíì dì; ẹ̀dọ̀ wọn ṣì ṣeé yẹ̀ wò. Ó fa páálí tí ìgò àti abẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde.

"Bàbá, ẹ kúnlẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Ọwọ́ kan ló kù fún mi. Ẹ bá mi dì wọ́n mú. Èyí tí ìrù rẹ̀ ní àmì elésè àlùkò ló mu àgbo. Ẹ máa pè é sókè."

Tíṣà rí ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó ti wú. Ó kúnlẹ̀ tagbádá-tagbádá.

Mẹ́fà ni inú wọn ti fọ́ kọjá àtúnṣe. Ìbíyẹmí la ikùn ti àkọ́kọ́ nínú àwọn yòókù.

"Elésè àlùkò," ni bàbá rẹ̀ wí, bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ gan-an, báwo lo ṣe fẹ́ pa wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Mo máa ṣẹ́ wọn lọ́rùn, Bàbá. Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọwọ́ Tíṣà wá ń gbọ̀n débi pé eku náà ń mì bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè.

"Ẹ má gbọ̀n, Bàbá. Abẹ á ṣì mí."

Ìbíyẹmí wo ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Kò gbọ̀n rárá. Láti ìgbà tí eegun ti dún ni kò ti gbọ̀n. Ó ju ẹ̀dọ̀ náà sínú ìgò, ó dé e, ẹ̀rù ọwọ́ tirẹ̀ náà sì bà á díẹ̀.