Ibi Tí Omi Mọ́tò Ọ̀gá Ń Gbà Lọ

Mo ti mọ ohùn ẹ́ńjìnnì náà kí mọ́tò tó yọ ní kọ̀rọ̀. Ohùn yẹn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tí bàbá mi fà mí lé Ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mọ́tò aláwọ̀ ojú ọ̀run yìí sì ni ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá ní kí n fọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí Ọ̀gá ti kú. Mọ́tò rẹ̀ ṣì ń rìn, àmọ́ ó ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn.

Ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá. Mọ́tò ń hó. Bí ó bá ti rìn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á gòkè lọ sí ibi pupa. Bí wọ́n bá dúró kó tutù, tí wọ́n ṣí rédíétọ̀, omi á ti lọ ìdajì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò á gbẹ táútáú. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ló jó, àfi kí àwọn tú u palẹ̀. Àkọ́bí Ìyá gbọ́ ọ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó ní bí mọ́tò náà bá tún kú lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ Sátidé ni àwọn tó ń ra irin àlòkù máa wá wọ́ ọ lọ.

“Mo ti sin bàbá yín,” Ìyá wí. “N ò fẹ́ sin mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ìgbà náà ni ẹni tó wa mọ́tò náà wá sọ̀ kalẹ̀. Fọ́tíìnì ni.

Èmi àti Fọ́tíìnì la jọ kọ́ṣẹ́. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ó sì ní dandan ni kí n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n. Sípánà yòówù tí Ọ̀gá bá ní kó mú wá, sípánà oní-nọ́ńbà mẹ́rìnlá, tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní fọ́tíìnì, ló máa gbé wá. Odindi ọdún kan ló fi ń gbé e wá, títí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ fún oníbàárà mi, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, pé n kò lè ka nọ́ńbà ara sípánà. Láti ọjọ́ náà n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀ mí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ bẹ̀ mí kó tó kú, mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Ìyá ní òun mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lára àwọn mẹ́ta tó ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì. Ó rán mi létí pé Ọ̀gá kì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo wá ibi tí omi ń gbà lọ. Ẹnì kan á wà nínú mọ́tò, á máa fẹsẹ̀ tẹ iná, á máa wo abẹ́rẹ́. Ẹnì kejì á dúró ti ẹ́ńjìnnì. Òfin Ọ̀gá ni, n kò sì lè jiyàn.

Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ọ̀lì yọ. Bí omi bá ń wọnú ẹ́ńjìnnì, ọ́ọ̀lì á dà bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Ti èyí dúdú bó ṣe yẹ. Mo bu omi kún rédíétọ̀, mo fi sílẹ̀ láìdé, Fọ́tíìnì wọnú mọ́tò, ó tan án. Omi náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò hó, kò ta.

“Ìyá, ẹ bá mi sọ fún awakọ̀ yín pé gásíkẹ́ẹ̀tì ò jó.”

Fọ́tíìnì ń wo iwájú. “Ìyá, ẹ bá mi bi mẹkáníìkì yín, tí ò bá jó, ibo lomi ń lọ?”

“Ẹ ní kó máa tẹ iná, kó yé ròyìn.”

“Ẹ ní kó sọ iye tí n máa tẹ̀ ẹ́ dé, tó bá lè kà á.”

Ìyá ní kí á jọ̀wọ́, kí á jẹ́ kí òun kú kí á tó padà di ọmọdé. Ó sì na agolo páúdà rẹ̀ sí mi kí n tó béèrè.

Bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe é nìyẹn. A ó nu ẹ́ńjìnnì gbẹ, a ó dé rédíétọ̀ pa, a ó wá fọ́n páúdà sí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì, sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ọ̀mpù omi, sí ìdí rédíétọ̀. Ibi yòówù tí omi bá ti yọ, bó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, á ya ìlà sára páúdà. Nígbà náà, páúdà Ìyá ni Ọ̀gá máa ń jí. Ìyá á máa wá a káàkiri ilé, àwa á máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ mọ́tò, Ọ̀gá á sì máa bá a wá a tọkàntọkàn, tòun ti àtẹ́lẹwọ́ funfun. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí òórùn páúdà náà gòkè wá bá mi, mo rí ẹ̀yìn Ọ̀gá lójú inú níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, pẹ̀lú àkísà èjìká rẹ̀. Mo ní láti nu ojú.

Ìdajì wákàtí kọjá, kò sí ìlà kankan. A pa mọ́tò, a dúró títí ó fi tutù, mo ki ìka bọ rédíétọ̀. Omi ti lọ. Fọ́tíìnì sọ̀ kalẹ̀, ó gbé tọ́ọ̀ṣì dé, ó wo ibi tí mo ti wò. A jọ tẹ orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí a wà lọ́mọdé.

Oòrùn ti mú. Ìyá wọ inú mọ́tò lọ jókòó ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo rí i tó bọ́ bàtà, tó gbé e sórí aṣọ kan tó tẹ́ sílẹ̀, tó wá mú àkísà, tó ń nu gíláàsì iwájú láti inú. Mo bi í pé kí ló ń nù. Ó ní gíláàsì náà máa ń ṣú bí mọ́tò bá ti gbóná. Mo bi í nípa bàtà. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin, òjò ló ń wọlé.

Oṣù méjì ti kọjá tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn.

Èmi àti Fọ́tíìnì wo ara wa. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, omi sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn pátákó iwájú mọ́tò tí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fún ẹni tí òtútù bá ń mú. A kì í lò ó, ìdí nìyẹn tí kò sí ẹni tó rántí rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó ń jò. Gbogbo wa tú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó bi Ìyá tó ń jókòó nínú mọ́tò ní ohunkóhun.

Mo rò pé ẹnu máa ya Ìyá. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Bàbá yín mọ̀,” ó wí. “Díẹ̀díẹ̀ ló ń jò nígbà náà, kò sì sọ ibi tó ń gbà fún mi. Ó ní tí òun bá dí i, kí ni á máa mú wa dúró?”

Ó wá sọ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń yà sábẹ́ igi nígbàkigbà tí abẹ́rẹ́ bá gòkè, àwọn méjèèjì péré, tí Ọ̀gá á ní kí omi tutù ná, tí ọ̀rọ̀ tí kò ráyè sọ nílé á wá máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní abẹ́ igi ni òun ti mọ gbogbo ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀. Àwa tí à ń bẹ̀rù ohùn Ọ̀gá dúró, a ń gbọ́.

Mo sọ fún un pé mo lè yọ họ́ọ̀sì méjèèjì lára àpótí náà, kí n fi páìpù kan so wọ́n pọ̀, omi kò sì ní gba ibẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ pa àyè awakọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ so ó,” ó wí. “Ẹni tí a jọ ń dúró ti lọ.”

Fọ́tíìnì di họ́ọ̀sì mú, mo fún kílíìpù rẹ̀. A bu omi tuntun, a jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, a sì gba ọ̀nà òkè gíga tó wà lẹ́yìn ìlú. Òkè yẹn ló máa ń pa á. Bí ó bá gùn ún láìhó, Ìyá máa lè pe àkọ́bí rẹ̀ pé kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ Sátidé. Fọ́tíìnì ló wakọ̀, Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn, níbi tí mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lórí itan.

A dé ìdajì òkè, ẹ́ńjìnnì ń kérora. Orí ńlá Fọ́tíìnì dí mi lójú, n kò rí abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ ní kí Ìyá bá mi bi í, àmọ́ Ìyá ti sùn lọ, orí rẹ̀ fara ti gíláàsì. Mo dúró, mo ń retí kó jí. Kò jí. Òkè náà ń ga sí i.

“Ibo ni abẹ́rẹ́ wà?” mo bi í.

Ó wò mí nínú dígí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

“Àárín ni,” ó wí. “Kò mì.”

A gun òkè náà dé òpin. Mo ní kó rọra ní kọ̀rọ̀ tó kàn, kó má baà jí Ìyá.