Àgbá Hedley àti Ọ̀pá Irin tí Mo Gé Orí Rẹ̀

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti fi òkè Halifax ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí mo kó wá sí Australia níbí, níbi tí Kérésìmesì ti ń bọ́ sínú oòrùn. Mo ti di arúgbó. Àárò òjò ibẹ̀ ṣì ń sọ mí, àti ti búrẹ́dì tí Enid, ìyàwó Hedley, máa ń fi ọ̀rá ẹran pa fún wa. Àmọ́ tí mo bá pajú dé, òjò kọ́ ni mo ń gbọ́. Àgbá Hedley ni.

Ilé iṣẹ́ kan náà lèmi àti Hedley Sugden jọ wà, níbi tí a ti ń gbẹ́ irin àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ. Bí iṣẹ́ bá parí lọ́sẹ̀, kàkà kí a sinmi, a óò tún lọ sẹ́yìnkùlé wa lọ gbẹ́ irin fún ìgbádùn ara wa. A tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Àwọn kan ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ọmọdé lè gùn. Hedley ní tòun, àgbá ni òun fẹ́ ṣe, irú èyí tó máa ń wà nínú ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́, tí kò ní gùn ju ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n tí yóò gba ẹ̀tù, tí yóò sì dún.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í ra irin. Ẹnìkan ní láti fún ọ. Ẹni tó bá sì fún ọ ní irin ni yóò tanná sí i lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pé. Hedley ní kí n fún òun ní irin àgbá náà, inú mi sì dùn, nítorí ọlá ni.

Ní ilé iṣẹ́, ọ̀dà ni a fi ń dá irin mọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n bá kun orí rẹ̀ ní pupa, irin alágídí ni, ó lè gba wàhálà. Èyí tí wọ́n bá kun ní funfun, wọ́n ti po òjé mọ́ ọn kó lè rọrùn láti gé, àmọ́ kò lè gba wàhálà. Tí o bá yọ ọ̀dà kúrò, ìbejì ni wọ́n. Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa lọ́mọdé ni pé a kì í gé irin láti ibi tí ọ̀dà wà.

Èmi gé e, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ jí irin fún Hedley. Ìdí ni pé ẹni tó ń ṣọ́ gééti máa ń wo ọ̀dà. Ọ̀pá tí kò bá ní ọ̀dà, o lè ní ilé lo ti gbé e wá. Pupa kan àti funfun kan wà níwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Funfun wà fún iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo sì ti gé orí tiẹ̀ kúrò láàárọ̀ nítorí pé mò ń kánjú. Bí mo ṣe gé orí pupa tán, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá Lumb tó ń bọ̀. Òun ni olórí iṣẹ́ wa, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ wa. Mo ki ọ̀kan bọ abẹ́ kóòtù. Títí di ìrọ̀lẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé pupa ni.

Lóṣù Kọkànlá, mo yà lọ sọ́dọ̀ Hedley. Ó wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pá náà ń yí níwájú rẹ̀, ó ń dán bí ojú omi.

"Wọlé, ìwọ ọ̀lẹ! Wá wo irin rẹ. Ó ń gé bíi bọ́tà! Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò rí irin tó gbọ́ràn báyìí rí. Enid gan-an ò gbọ́ràn tó o."

Enid ń gbé tíì bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Irin yẹn ò tíì bá ẹ gbélé fọ́gbọ̀n ọdún ni. Jẹ́ kó gbé e wò ná."

Mo wo ilẹ̀. Irin alágídí, bí a bá ń gbẹ́ ẹ, èèpo gígùn ló máa ń jáde, á máa wé bí irun àgùntàn. Ohun tó wà lẹ́sẹ̀ Hedley dà bí èérún búrẹ́dì, wẹ́wẹ́, ó kún bàtà rẹ̀. Òjé.

"Kí ló dé?" Hedley bi mí. "Ojú ẹ funfun."

"Ẹran tí mo jẹ lọ́sàn-án ni."

Bí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn. Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì. Ọdún tó ṣáájú, Ọ̀gá Lumb lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jagger nítorí ẹ̀kúnwọ́ ìṣó tó jí. Mo ní n óò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, ó kọjá. Hedley lu ihò inú àgbá náà, ó gbẹ́ òrùka sí i lọ́rùn, ó fi igi óákù líle ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lẹ́wà sí i ni oorun mi ń dínkù.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. "Hedley, ẹ̀tù díẹ̀ ni kó o máa fi sí i o."

"Kó máa wúkọ́ bí alàgbà ìjọ? Rárá o. Dídún ló máa dún."

Ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n dá fún un, ní pápá ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, tí gbogbo àdúgbò pé síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ onífèrè. Wọ́n kó àpò yanrìn yí àgbá náà ká, àmọ́ ẹni tó máa tanná sí i ní láti dúró tì í. Wọ́n fún mi ní igi tí òwú tó ń jó wà lórí rẹ̀. N kò sún mọ́ àgbá náà.

"Ẹ wo Amos, ẹ̀rù àgbá ń bà á!" Hedley gba igi náà lọ́wọ́ mi. "Kúrò. Èmi tí mo bí i ni kó kọ́kọ́ jágbe mọ́." Ó tẹ̀ ba lé àgbá náà, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni pa ajá.

Nígbà náà ni ẹnu mi là. "Má tanná sí i! Irin òjé ni!"

Ọ̀gá Lumb yíjú sí mi. "Irin wo? Níbo lo ti rí i?"

"Ní ilé iṣẹ́, Ọ̀gá. Mo gé ọ̀dà orí rẹ̀ kúrò."

Hedley kò wo Ọ̀gá Lumb rárá. Èmi ló ń wò. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti oṣù Kọkànlá."

"Oṣù méje, Amos. Oṣù méje lo fi ń jókòó mu tíì mi."

Ọ̀gá Lumb kó gbogbo èèyàn sẹ́yìn ògiri, ó ní kí wọ́n fi òwú gígùn sí i. Òwú náà jó lọ títí. Àgbá dún, ilẹ̀ mì, àwọn kannakánná fò kúrò lórí ilé. Nígbà tí èéfín túká, àgbá náà ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, odindi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Hedley fi ìka tọ ara àgbá náà látòkè délẹ̀, kò rí ibi kankan tó sán.

"Irin òjé, àbí?" ó ní. "Ẹ̀rù lásán lo fẹ́ fi pa mí."

"Hedley, irú irin yẹn kì í bẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, títí á fi bẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, gé e."

Ta ni yóò gbọ́? Àgbá ti sọ tiẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá Lumb lé mi. Kí ọdún náà tó parí, mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọdọọdún ni wọ́n ń tanná sí i ní Ọjọ́ Ajé Pẹ́ńtíkọ́sì, lẹ́yìn rẹ̀ ni Hedley máa ń kọ lẹ́tà sí mi. Iye ìgbà tí àgbá náà ti dún nìkan ló máa ń kọ síbẹ̀. Mẹ́ta. Mẹ́fà. Mẹ́sàn-án. Èmi náà á dá a lóhùn: Gé e. Lọ́dún tó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ kún un: "Ọgọ́ta. Ojú mi ò ríran mọ́. Enid ló ń tanná sí i báyìí."

Mo kọ̀wé sí Enid, fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo bi í pé níbo ló máa ń dúró sí. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni lẹ́tà rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni, níbi tí Hedley máa ń dúró sí. A dúpẹ́, ara le. Lọ́dún tó kọjá, ìlà èéfín tínrín kan yọ ní ìhà rẹ̀, bí irun báyìí. Hedley fi ọwọ́ nù ún, ó ní ìdọ̀tí ni."

N kò dúró mú fìlà. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo fi wáyà ránṣẹ́ sí Hedley pé àgbá náà ti sán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tanná sí i mọ́. Èsì dé láàárọ̀ àná, láti ọ̀dọ̀ Hedley fúnra rẹ̀: "Ó ti dún nígbà ọgọ́ta. Ìwọ dún lẹ́ẹ̀kan, o sì pẹ́."

Mo padà lọ lójú ẹsẹ̀, mo fi òmíràn ránṣẹ́. Orúkọ Enid ni mo kọ sí i lọ́tẹ̀ yìí: "Dúró sẹ́yìn ògiri." Akọ̀wé ibẹ̀ ní wáyà ti lọ, pé ó dá òun lójú.

Òní ni Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. N kò tíì rí èsì. Ọ̀la ni wọ́n máa tanná sí i.