Tíréè fún Pẹ̀lẹ́ àti Jẹ́jẹ́

2.

...tí wọ́n sì tún ṣu sí i. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Orí awọ àgbò kan náà, èyí tí Alhaji Mọ̀núrù fi ń kírun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Roboto-roboto ni ìgbẹ́ ọ̀hún, ó gbẹ, kò sì rùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún olórí ẹbí pé ìgbẹ́ tí kò rùn kì í ṣe ìgbẹ́?

1.

(Èyí ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má bínú. Bí mo ṣe bá àwọn ìwé náà nínú àpótí Àlímọ̀t ni mo ṣe ń tò wọ́n.)

Àlímọ̀t, atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Marina, ti ilé ọkọ padà sí yàrá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò bímọ. Louisa ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Àgùdà, ń kó lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó sì fi ehoro méjì tọrẹ fún un: Pẹ̀lẹ́ àti Jẹ́jẹ́. Louisa búra pé abo ni àwọn méjèèjì. Nínú gbogbo ilé náà, àwọn nìkan ló ń sáré pàdé Àlímọ̀t bó bá tibi iṣẹ́ dé. Ó fẹ́ràn wọn dé ibi tó ń dùn ún.

3.

ÌKÉDE
(ẹnu ọ̀nà àgbàlá, Jímọ̀, 31 Oṣù Kẹta, 1972)

ẸRAN MÉJÌ KAN Ń BA IBI ÌKÍRUN JẸ́.
BÍ WỌ́N BÁ TÚN ṢU SÍBẸ̀ KÍ JÍMỌ̀ TÓ Ń BỌ̀ TÓ PÉ, ÌKÒKÒ NI.
ÌPÀDÉ ẸBÍ YÓÒ JÓKÒÓ LỌ́JỌ́ NÁÀ, LẸ́YÌN ÌRUN.
*Alhaji Mọ̀núrù, Olórí Ẹbí*

(Ẹnì kan fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Ṣé díndín ni àbí ọbẹ̀?*)

4.

Láti inú lẹ́tà Louisa:

"...Àlímọ̀t mi, ehoro ò ya òmùgọ̀. Wá tíréè kan, tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, da èérún pákó lé e. Gbé e síbi tí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo máa tẹ̀ lé wọn o, wọn ò ní tẹ̀ lé ẹ. Fi ìgbẹ́ wọn díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Kí oúnjẹ wọn wà létí ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń jẹ ni wọ́n ń ṣu. Ibi tí wọ́n bá ti rí jẹ, ibẹ̀ náà ni..."

5.

Síbi tí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ìyẹn ni, àárín awọ àgbò Alhaji.


Àlímọ̀t gbé tíréè sábẹ́ àtẹ̀gùn.

6.

(Ehoro ti jẹ ojú ìwé yìí.)

7.

Ní ọjọ́ Àlàádì, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n bọ́ sí i. Àwọn awakọ̀ Obalende pàápàá, tí wọn kì í gbọ́ ti ìyá, tí wọn kì í gbọ́ ti bàbá, bọ́ sí ọ̀tún.

Àlímọ̀t wo Pẹ̀lẹ́. Ó wo Jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin náà á ṣe é," ó ní.

8.

*Àtìní, àárọ̀.* Tíréè: kóró mẹ́tàdínlógún! Omi bọ́ lójú mi.
*Àtìní, ìrọ̀lẹ́.* Awọ àgbò: mẹ́rin. Mo sáré gbá a.
*Àtàláátà, àárọ̀.* Tíréè ń dán bíi dígí. Ta ló fọ̀ ọ́???
*Àtàláátà, ìrọ̀lẹ́.* Awọ àgbò.

9.

(Ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyá Àdìjátù ni ìyàwó Alhaji.)

ÀLÍMỌ̀T: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fọ tíréè abẹ́ àtẹ̀gùn?

ÌYÁ ÀDÌJÁTÙ: Èmi ni o! Kàìnkàìn àti omi gbígbóná ni mo fi bó o.

ÀLÍMỌ̀T: Ẹ ṣeun, ma. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni.

ÌYÁ ÀDÌJÁTÙ: O mọ̀ọ́mọ̀ kí ni?

ÀLÍMỌ̀T: Kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ìgbẹ́ wọn nìyẹn.

ÌYÁ ÀDÌJÁTÙ: Àlímọ̀t, ilé Mùsùlùmí la wà o. A kì í tọ́jú ìgbẹ́ pa mọ́.

ÀLÍMỌ̀T: Òótọ́ ni, ma.

ÌYÁ ÀDÌJÁTÙ: Tíréè tánganran gidi! Èyí tí wọ́n fi ń gbé omi fún àlejò!

10.

Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ FỌ ÌDỌ̀TÍ YÌÍ. Ó WÚLÒ.

11.

Ní Àlàrùbá, wọn ò fọ̀ ọ́. Koríko tútù wà létí tíréè. Láàárọ̀, tíréè ni wọ́n lò. Nírọ̀lẹ́, awọ àgbò. Ọ̀rọ̀ náà sú Àlímọ̀t, ẹ̀rù sì bà á. Kí ló ń dé sí wọn nírọ̀lẹ́?

Ní Àlàmísì, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó gba CMS wálé kíákíá, ó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Alhaji ń kírun Alásàrì. Ó sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì. Lẹ́yìn náà ó tún wo ọ̀tún, ó tún wo òsì, èyí kì í ṣe ti ìrun. Ó ki ọwọ́ sí àpò, ó yọ bisikíìtì kan, ó dá a sí méjì.

"Bísímílà," ó ní. "Pẹ̀lẹ́, tìẹ rèé. Jẹ́jẹ́, má jà, má jà."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí Àlímọ̀t ti padà sílé, kò tíì rí eyín bàbá yìí rí.

12.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Wọn ò sọ ti ẹni tó fún un jẹ.

13.

Ohun tí mo lè sọ nípàdé:

a) "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń bọ́ wọn." (Níwájú gbogbo ẹbí? Kí n kó ẹrù mi kí n tó sọ ọ́.)
b) Kí n dákẹ́. (Ìkòkò.)
d)

14.

ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ẸBÍ. Jímọ̀, 7 Oṣù Kẹrin, 1972. Akọ̀wé: Bashiru, ọmọ Alhaji.
Àwọn tó wá: mọ́kànlá.
Àwọn tó gbé abọ́ dání: mẹ́fà.

ALHAJI: Wọ́n tún ṣu síbẹ̀ lánàá. Àlímọ̀t, kí lo rí sọ?

ÀLÍMỌ̀T (lórí ìkúnlẹ̀): Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Ibi tí wọ́n bá ti rí jẹ ni wọ́n ń ṣu. Bó bá jẹ́ pé aláàánú kan wà nínú ilé yìí tó ń fún wọn ní nǹkan lọ́dẹ̀dẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kó máa lọ fún wọn níwájú tíréè.

ALHAJI: (Ó wúkọ́.) Aláàánú.

ÀLÍMỌ̀T: Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ ọ́n o.

ÌYÁ ÀDÌJÁTÙ: A máa mọ̀ ọ́n! Ẹni tó ń kó ẹ̀gbin bá ìrun ẹlòmíì, kò bẹ̀rù Ọlọ́run!

ALHAJI: Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù...

(Ìpàdé ti pẹ́. Àkókò Alásàrì ti tó.)

15.

Bashiru ò kọ ìyókù.

Pẹ̀lẹ́ jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n gba àárín ẹbí kọjá, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dé iwájú Alhaji, wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, wọ́n sì ki imú bọ àpò agbádá rẹ̀.

Ẹni mọ́kànlá wo àpò náà. Alhaji náà wò ó.

Ìyá Àdìjátù na ọwọ́ sí i.