Koríko Tí Yéwándé Gbìn

Yéwándé ló gbin koríko náà, lọ́dún tí òun àti Adéṣínà, ọkọ rẹ̀, kọ́lé wọn tán ní àdúgbò Iyaro. Gbogbo aládùúgbò ló ń da kọnkéré síwájú ilé, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa tẹ ohun tútù tí òun bá ti ibi iṣẹ́ òun ní báńkì dé.

Nígbà tó kú lọ́dún 2008, ìtọ́jú koríko bọ́ sọ́wọ́ Adéṣínà, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á fọ́n ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbó sí i. Bí òjò bá wá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, á máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa fọwọ́ tu èpò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á fi rọ́bà bomi rin ín kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ló ti máa ń bá Yéwándé sọ̀rọ̀, tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, ó lọ ṣiṣẹ́ abẹ ojú n'Íbàdàn. Dókítà ní kó má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ayọ̀túndé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fi sílé. Kó tó lọ, ó sọ fún un pé:

"Jọ̀ọ́, máa bomi rin koríko yẹn. Òjò ṣì jìnnà."

"Dádì, no wahala," lọmọ fèsì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí táksí gbé e padà dé ẹnu géètì, ó rò pé awakọ̀ gbé òun wá sílé onílé ni. Láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, íntálọ́ọ̀kì, àwọn bíríkì kọnkéré, ni wọ́n tò mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ayọ̀túndé jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Dádì, ẹ káàbọ̀! Ẹ wo ohun tí mo ṣe fún yín. Ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́."

"Koríko ńkọ́?"

"Wọ́n ti hú u. Lọ́ọ̀rì kó o lọ sọnù ní Aduwawa."

"Ta ló ní kí o hú u?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọmọ. "Ṣé kẹ́ ẹ fọ́jú nítorí koríko ni?"

"Ìyá ẹ ló gbìn ín."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti kú, Dádì."

 Adéṣínà gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Nígbà tí Ayọ̀túndé tẹ̀ lé e wọ pálọ̀, tó ń bi í bóyá ó dára, ó ní, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ náà ò dénú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọmọ gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì lọ wa mọ́tò rẹ̀ gun orí íntálọ́ọ̀kì.

Ní oṣù kẹrin, òjò ńlá rọ̀. Omi ò ríbi wọlẹ̀ sí, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ya wọ pálọ̀. Ayọ̀túndé ń fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde, ó ń sọ pé òun á pe ẹni tí yóò wá gbẹ́ gọ́tà.  Bàbá rẹ̀ gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, níbi tí íntálọ́ọ̀kì ò dé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wá kí i, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bá a.