Páìpù Keje Tó Ga Sí I

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù, Ìyá Alágbàfọ̀ ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ni. Ó ní agbárí òun ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, pé agbárí ọ̀hún tóbi lóòótọ́, àmọ́ ó jọ pé gèlè nìkan ni Ọlọ́run dá a fún.

Ohun tó ṣe kò ju pé ó fẹ́ kí aṣọ gbẹ. Aṣọ iṣẹ́ àwọn awakùsà èédú ló ń fọ̀, èyí tí ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn, tó gùn bí ọjọ́ ebi. Bó bá sá a, ẹsẹ̀ ṣòkòtò á máa gbálẹ̀, gbogbo eruku dúdú tó ti fi ọwọ́ àti ọṣẹ lé lọ á sì tún padà wálé. Ní ìpẹ̀kun àgbàlá rẹ̀ ni páìpù irin kan wà tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà rì mọ́lẹ̀, tó yọ orí dé àyà èèyàn. Ara rẹ̀ ló ń so okùn aṣọ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó ké sí jórinjórin pé kó bá òun fi páìpù mìíràn lé e lórí, kí okùn lè ga. Ọkùnrin náà jó méjèèjì pọ̀, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun bíi ti ìsàlẹ̀, ó sì gbé ìdérí rẹ̀ padà sí òkè. Iṣẹ́ náà mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. Ìyá fún un ní omi mu, ó sì sá aṣọ rẹ̀.

Ó mọ̀ pé wọ́n ń fi páìpù náà ṣe nǹkan. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ dàgbà lẹ́yìn ara rẹ̀, tó ti ń gbé ilé òṣìṣẹ́ báyìí, ló ń wá síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Onítéèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Á ṣí ìdérí, á ju téèpù sínú páìpù, bí orí téèpù bá kan omi nísàlẹ̀, á han bí eku tí wọ́n tẹ̀ nírù, òun náà á sì kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Ìyá rò pé bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń wò. Ó ní ta ló ń fi gíga fìlà mọ bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó níkùn èèyàn?

Ọ̀sẹ̀ tí páìpù náà ga, Onítéèpù wò ó títí. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àgbà pé kí ló dé tí òun ń na ọwọ́ sí nǹkan yìí lónìí. Ìyá, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú okùn òun, dáhùn pé òjò èṣí ló wọ́ ilẹ̀ lọ, bóyá ọmọ náà ló sì ń kúrú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé korobá fún un kó dúró lé lórí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ pe ìpàdé sí gbọ̀ngán ilé ìwé, nítorí ara àwọn èèyàn kò balẹ̀ mọ́. Òkè àdúgbò wọn ni Ògiri wà, òkìtì ńlá tí wọ́n fi pàǹtí èédú mọ, tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n bá fọ èédú tán sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ẹnjiníà dìde, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní omi wà nínú ikùn Ògiri lóòótọ́, àmọ́ ọgbọ̀n páìpù ló yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká tó ń ṣọ́ ọ. Láti ẹnu páìpù dé ojú omi ni wọ́n ń wọ̀n. Bí nọ́ńbà bá pọ̀, omi jìnnà sílẹ̀, kí oníkálukú máa sùn. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ dé mítà méjì péré, Ògiri ti mu yó, ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra. Ó wá fi ẹ̀rín kún un pé páìpù keje, èyí tó wà ní àgbàlá Ìyá Alágbàfọ̀, ló dùn mọ́ òun jù, nítorí láti ìgbà tí àwọn ti gbẹ́ gọ́tà tuntun ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, omi ibẹ̀ ti fi ààbọ̀ mítà lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà kí wọ́n máa da ẹrẹ̀ sí i.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ náà ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú. Ẹnu páìpù. Ta ló gbé ẹnu páìpù keje sókè?

Láti ìgbà yẹn, ìdí rẹ̀ kò gba àga mọ́. Ó délé, ó fi apá wọn páìpù tí jórinjórin fi lé e, ó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan àti díẹ̀, ìyẹn bí ààbọ̀ mítà. Ó tún un wọ̀n, bóyá apá òun ló gùn jù. Ó lọ wo ojú àgbàrá tó ń ti ẹsẹ̀ Ògiri bọ̀, omi tó máa ń mọ́ lójú ọ̀nà yẹn ti ń dúdú. Ó padà, ó ká aṣọ, ó tú u, ó tún un ká. Ó sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ibùsùn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé kò yẹ kóun ti pariwo, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé kí ọmọ kọ́kọ́ dé, kóun má lọ fi ẹnu àgbà ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́.

Ọmọ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìwé àti téèpù rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó gun korobá, ó ju téèpù. Ó ní mítà méjì ààbọ̀ ni. Ó ní omi ti ń gòkè nítorí òjò, àmọ́ ó ṣì ku ààbọ̀ mítà kó tó di wàhálà.

Ìyá ní, “Ìyàwó mi, bí ẹnì kan bá fi ààbọ̀ mítà kún ẹnu páìpù yìí ńkọ́?”

“Wèrè wo ló máa ṣe irú ẹ̀, Mama?”

“Wèrè ọ̀hún ló pọ̀n ọ́ dàgbà.”

Onítéèpù sọ̀ kalẹ̀ lórí korobá. Ó fi èékánná họ ọ̀dà níbi tí irin méjì ti pàdé, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ yọ síta. Ó jókòó sórí korobá náà. Nígbà tó máa lanu, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló sọ. Ó ṣí ìwé fún ìyá rẹ̀ àgbà, ó fi ìlà àkọ́kọ́ hàn án. Gíga páìpù sórí ilẹ̀ ni ìlà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó ju téèpù. Òun kì í wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà àtijọ́ lòun ń dà kọ, nítorí ọgbọ̀n páìpù ló wà, oòrùn ń pani, ta ló sì rí irin tó ń hù rí? Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni lẹ́tà ń bọ̀ tí yóò sọ òun di ọ̀gá gbogbo àwọn tó ń wọn omi, ẹnjiníà ló sì kọ̀wé láti gbè òun lẹ́yìn.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Mama, a lè gé e nísinsìnyí. Lọ́la màá padà wá wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà á já wálẹ̀, wọ́n á ní òjò ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Kí a má parọ́, inú Ìyá dùn sí i. Ó tilẹ̀ ti ń wo ọ̀nà ilé jórinjórin. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì lọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà, níbi tí ilé ogójì tò sí bí eyín, tí ìyá ìkókó tó bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ń sá aṣọ ọmọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láàárín òní àti ọ̀la, òru kan wà níbẹ̀. Omi kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ó ní, “Nígbà tí o wà ní kékeré, o fọ́ àwo, mo bá ọ bò ó. Èyí kì í ṣe àwo.”

“Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

“Màá ní èmi ni. Ṣé èmi kọ́ ni?”

Bàtà tí kò bára wọn mu ló kì bọ ẹsẹ̀. Ó gba inú òjò gun òkè lọ sí ọ́fíìsì, ó ń bá ìdí ara rẹ̀ wí pé kó yára, pé ọjọ́ ijó ni ìdí máa ń mọ iṣẹ́ rẹ̀. Onítéèpù ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di ìwé mọ́ àyà. Bí Ìyá ṣe rojọ́ aṣọ àti okùn fún ẹnjiníà, ọkùnrin náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín dé ibi ìgbọ̀nwọ́ kan. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ó fa ayùn irin yọ nínú àpótí, ó sì fi mọ́tò gbé àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Okùn já, aṣọ iṣẹ́ mẹ́fà sùn sínú ẹrẹ̀. Ó ju téèpù, téèpù sì han kí ó tó dé mítà méjì. Lójú ẹsẹ̀ ló gbé fóònù sétí. Fèrè ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí òkè, ilẹ̀kùn ń ṣí káàkiri, àwọn èèyàn ń gbé ọmọ, ń gbé bẹ́ẹ̀dì, ń pe ara wọn, wọ́n dorí kọ ọ̀nà ilé ìwé. Ìyá ìkókó kọjá, ó fi aṣọ bo ọmọ lórí.

Ìyá Alágbàfọ̀ kò tẹ̀ lé wọn. Ó dúró ti páìpù, ó ń tún un sọ ketekete pé òun ni, kí wọ́n kọ orúkọ òun síwájú, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà bí aṣọ tí òun ń fọ̀, ọmọ kò mọ nǹkan kan. Ẹnjiníà mi orí fún un pé òun ti gbọ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Onítéèpù, ó sì ń ṣí i padà sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù mẹ́ta, òjò ń kán sórí ìwé náà, ìka rẹ̀ ń rìn lórí ìlà àkọ́kọ́, níbi tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ti ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé ojú sókè. Kì í ṣe Ìyá ló wò, Onítéèpù ni.

“Gíga páìpù tí o ń kọ síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣé o wọ̀n ọ́n?”