Wáyà Tó Yí Sí Ọ̀tún

Ní Lugo, ìlú kan ní ilẹ̀ Ítálì, ẹni tó bá fẹ́ alùpùpù eré ìje tí yóò gbé sórí pèpéle nínú pálọ̀, ọ̀dọ̀ Iader Casadio ló ń lọ. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Alùpùpù tòótọ́ ni, àfi pé tòótọ́ náà fi ìlọ́po mẹ́sàn-án tóbi jù ú lọ. Ṣéènì rẹ̀ ń yí. Ọwọ́ ni Iader fi ń hun sípóòkù ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tí orúnkún ẹni tó gùn ún bá sì ti ha ọ̀dà, ibẹ̀ náà ni yóò ti ha á. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, kò níyàwó, kò sì bímọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún 1994, Oriele Fabbri wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó gbé àpótí bàtà sábẹ́ abíyá. Oriele ti fi ìgbà kan pín lẹ́tà nílùú, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀dà kékeré bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó kí n tó sọ̀rọ̀."

"Mo ti jókòó. Àbí ojú ń dùn ọ́?"

"Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàtẹ láti fi rántí Vanes Tozzi. A fẹ́ ẹ̀dà alùpùpù tó gùn lọ́jọ́ tó kú, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nígbà tó dúró lójú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ eré."

Iader fi ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Derna ń kọ́?"

"Derna ló kó àwọn fọ́tò yìí fún wa. Kò bèèrè ẹni tó máa ṣe é, èmi náà ò sì sọ."

"Oníwàyó ni ọ́."

"Olórí ẹgbẹ́ ni mí, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ kan náà ni."

Iader kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba àpótí náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin ọdún 1970, ni Vanes kú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Nevio Gardelli ló ni alùpùpù, òun ló ni gáráàjì, Iader sì ni mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó gbà síṣẹ́. Eré náà wà nínú ìlú kan létí òkun, láàárín àwọn ilé ìtura. Nígbà tí wọ́n yí po lẹ́ẹ̀karùn-ún, bóòtù ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ ẹńjìnnì já bọ́. Ọ́ìlì dà sára táyà ẹ̀yìn, Vanes sì lọ fi orí sọ ògiri.

Irú bóòtù bẹ́ẹ̀ kì í dá wà nínú eré ìje. Wọ́n máa ń lu ihò sí i lórí, wọn a ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọn a lọ́ ìpẹ̀kun wáyà náà méjèèjì pọ̀ bí irun dídì, wọn a wá so ó mọ́ ara ẹńjìnnì, kí ó lè máa fa bóòtù náà sí ìhà tó ń fún un le. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀ràn náà kò rí bóòtù, wọn kò rí wáyà. Nevio sọ níwájú wọn pé, "Lẹ́yìn Iader, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹńjìnnì yẹn." Gbólóhùn yẹn ló pa Iader. Ó ní òun so ó. Wọ́n ní kó fi hàn. Kí ló fẹ́ fi hàn?

Derna ni ẹ̀gbọ́n Vanes. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni òun àti Iader ìbá ṣègbéyàwó. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin Vanes, Iader lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o so ó?"

"Mo so ó, Derna."

"Irọ́ ni."

Ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà kò tún bá a sọ̀rọ̀. Kò sí gáráàjì tó gba Iader mọ́, láti Imola títí dé Rimini. Ó wọ ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń ta èso, ó sì fi ọdún mọ́kàndínlógún kó páálí èso píìsì lé orí ara wọn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí Derna ti ń ta òwú àti bọ́tìnì kọjá, ojoojúmọ́ ló sì ń kí i. Derna a yí ẹ̀yìn padà, a máa to àwọn bọ́tìnì tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Fọ́tò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú àpótí náà. Ẹgbẹ́ wọn ní òfin kan tó le: ohun tí fọ́tò kò bá fi hàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sára ẹ̀dà. O lè mọ̀ ọ́n, o lè ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é rí. Bí fọ́tò kò bá sí, kò sí i. Nítorí náà Iader fi awò rẹ̀ tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó ti rí i rí nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀kẹtàdínlọ́gbọ̀n rí. Ẹni tó yà á lóṣòó sílẹ̀, ó ń ya Vanes bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀ lójú ìlà. Lẹ́yìn bàtà náà, abẹ́ ẹńjìnnì hàn díẹ̀.

Wáyà wà níbẹ̀.

Iader dìde, ó mu omi. Ó padà wá jókòó, ó nu awò, ó tún wò ó. Wáyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tún ló yí sí.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Iader. Bí ó bá lọ́ wáyà, òsì ni yóò yí sí. Kò lè ṣe é bí ti ẹlòmíràn. Nígbà tó wà ní gáráàjì, Nevio a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọlọ́wọ́ òsì, olóṣì," àwọn oníbàárà a sì rẹ́rìn-ín, òun náà a rẹ́rìn-ín. Wáyà inú fọ́tò yìí kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó so ó so ó mọ́ ìhà tí kò yẹ. Bí ẹńjìnnì bá ṣe ń gbọ̀n, ńṣe ni wáyà náà yóò máa tú bóòtù náà díẹ̀díẹ̀.

Nígbà náà ló rántí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn Nevio rán an lọ mú pílọ́ọ̀gì nínú ọkọ̀. Nígbà tó dé, ó bá ọ̀gá rẹ̀ tó ń fi àkísà nu ọ́ìlì lọ́wọ́. Kò bèèrè. Ta ni í bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi dọ̀tí?

Kọfí tó gbé kaná jóná mọ́ ìkòkò, kò gbọ́ òórùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó fi fọ́tò náà sápò àyà, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Derna. Ó kí i. Derna yí ẹ̀yìn padà. Iader wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó sì rò ó wò: kí ni fọ́tò yìí fẹ́ sọ fún un? Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́, wáyà náà kò ju ẹyin iná orí lọ. Ohun tí yóò rí ni ọkùnrin kan tó mú fọ́tò òkú àbúrò rẹ̀ kiri láti fi fọ ara rẹ̀ mọ́. Ó padà sílé. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló kù tó lè ṣe.

Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ alùpùpù náà. Wáyà yẹn ló gbẹ̀yìn. Ó tú kópà inú rédíò àtijọ́ kan, ó yọ fọ́nrán méjì tí irun orí nípọn jù lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Àfi kó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é, kó lè yí bí ti inú fọ́tò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ìgbà mọ́kànlá ni wáyà já. Ní ìgbà kejìlá ó dúró, ó sì so ó mọ́ ibi tí kò yẹ gẹ́lẹ́ bí ẹni yẹn ti ṣe. Mẹkáníìkì kan kò gbọdọ̀ so wáyà bẹ́ẹ̀, kódà fún òkúta.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìpàtẹ náà wáyé ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n gbé alùpùpù náà lé orí dígí, kí ènìyàn lè rí abẹ́ rẹ̀. Derna jókòó níwájú pẹ̀lú aṣọ dúdú. Nígbà tó gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n kò dìde. Nevio Gardelli ni olórí àwọn adájọ́ tó máa fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Kò sí iṣẹ́ tí kì í rí àbùkù sí, ó sì fẹ́ràn kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi awò wò ó pẹ́.

"Ó dára. Mi ò lè purọ́, ó dára. Páìpù èéfín, ó ṣe é. Ibi tí Vanes ti ha á, ó rántí." Ó tún tẹ̀ mọ́ dígí náà. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. "Hẹn-ẹ́n! Ọwọ́ mi tẹ̀ ọ́! Iader, o ti darúgbó!"

"Kí lẹ rí, Bàbá?" Oriele bèèrè.

"Ẹ wá wo wáyà abẹ́ yìí. Ó yí i sí ọ̀tún! Ìwọ ọlọ́wọ́ òsì! Gbogbo ọdún tó o fi bá mi ṣiṣẹ́, o ò lọ́ wáyà sí ọ̀tún rí. Ẹ tún wá wo ibi tó so ó mọ́. Bóòtù ló ń tú yìí, kì í ṣe pé ó ń dè é! Ẹni tó dé ẹnu iṣẹ́ lánàá ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Iader tí mo mọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹ yọ máàkì méjì."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, mi ò ṣàṣìṣe," Iader sọ. "Bó ṣe wà nínú fọ́tò ni."

"Fọ́tò wo?"

Òfin ẹgbẹ́ ni pé kí ẹ̀rí wà nínú àpò ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Oriele ṣí àpò náà, ó sì kà á sókè. "Fọ́tò kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Lójú ìlà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Derna Tozzi ló yà á."

Nevio gbà á. Ó fi awò sí i. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Gbogbo ènìyàn rí bí ẹ̀rín náà ṣe kú síbẹ̀.

Oriele kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń tètè yé, ṣùgbọ́n bó bá yé e, kì í mọ̀ ọ́n fi pamọ́. "Bàbá Nevio, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé Iader kò lè lọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ta ló tún wà nínú gáráàjì yín nígbà yẹn?"

"Èmi. Èmi àti òun."

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣì rántí gbólóhùn tó sọ níwájú ìgbìmọ̀. Nevio wá àga, ó jókòó.

"Ọ́ìlì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo kàn fẹ́ dín in kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí wọ́n pè wá sójú ìlà." Ó gbójú sókè sí Iader. "Mo rò pé o máa ríṣẹ́ níbòmíràn. Ọ̀dọ́ ni ọ́ nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ orúkọ tèmi ló bàjẹ́, gáráàjì ti tì nìyẹn."

"Píìsì ni mo lọ ń kó, Ọ̀gá."

Ohun tí Iader rí sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún mẹ́rìnlélógún ó ti to ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jọ fún irú ọjọ́ yìí.

Derna dìde. Ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ Nevio láìwo ojú rẹ̀. "Ibo ló wà?" Oriele fi ọmọ ìka hàn án. Ó gba awò, ó wò ó títí.

"Inú dúrọ́ọ̀ mi ló wà," ó sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò mú un jáde. Bàtà rẹ̀ ni mo máa ń wò."

"Derna," Iader pè é.

Ó yíjú sí i. Láti ọjọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, kò tíì wo ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan," ó wí. 'Ẹ' ló ń pè é báyìí, kì í ṣe 'o' mọ́. "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi kórìíra yín. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè fi yín ṣe báyìí, agbára ẹ̀ ò sì sí lára mi mọ́ láti kọ́ ọ. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó tẹrí ba díẹ̀, bí a ti ń tẹrí ba fún ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún wa, ó sì jáde. Wọ́n dá máàkì méjèèjì padà. Iader ló gba ipò kìíní, wọ́n sì fún un ní ife ẹ̀yẹ tí wọ́n kọ orúkọ Vanes sí lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá bó ti máa ń ṣe. Derna ń gbá ẹnu ọ̀nà. Kí Iader tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Casadio."

Ohùn tó fi kí i náà ló fi kí ẹni tó ń pín lẹ́tà, tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Iader dáhùn, ó sì ń lọ. Ìgbà tó dé ìkángun òpópónà ló yé e pé nígbà tí Derna ń yí ẹ̀yìn padà, òun nìkan ló ń yí i sí ní gbogbo Lugo; ní báyìí, ó ti di ọ̀kan lára àwọn tó ń kọjá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀nà ẹ̀bá odò ló ń gbà.