Wáyà tí Wàhábì Fà Yọ

Wàhábì fa wáyà púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ yọ. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n rìrì bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Ó dá a padà, ó fa èkejì yọ. Ohùn ọkọ̀ tún wálẹ̀. Ó dá ìyẹn náà padà. Nígbà tó fa ẹ̀kẹta yọ, nǹkan kan ò yí padà.

"Òun nìyí," ó wí.

Sàká tó ni ọkọ̀ náà jókòó sórí táyà ògbólógbòó kan, ó ń jẹ ẹ̀pà. Èrò ló ń fi ọkọ̀ náà kó láàrin Èjìgbò àti Òṣogbo.

"Ọ̀gá, kí lẹ fi mọ̀?"

"Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, tó o bá mú un kúrò, ilé ò ní mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ti ń wá ohun tó máa fi lé mi."

Wàhábì kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ sí àkísà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí bàbá náà máa ń sọ kò kúrò létí rẹ̀: má fọwọ́ kan nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá pààrọ̀ nǹkan méjì tí ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́, o ti tún ọkọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n o ò mọ ohun tó ṣe é.

Ó wo abẹ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ìgò kan wà níbẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Omi dúdú ló wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló ti gbé e pamọ́ síbẹ̀.

Irfan ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Télọ̀ ni Irfan. Nínú ọyẹ́ èṣí ló ti Àbíjàn dé láìwọ bàtà. Ó ń fi èdè Faransé bá ògiri sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní wọ́n ń pe òun. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, dókítà sì ní kó máa lo hóró oògùn funfun kan ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Sàídátù ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ìlú Ara, sọ́dọ̀ Ààfáà Mùtàlíbù. Ààfáà fi tàdáwà kọ àáyà Kùránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, ó ní kí Irfan máa mu hàǹtú náà ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún máa ń gbé ọwọ́ lé e lórí, á ka Kùránì sí i títí oorun á fi gbé e lọ.

Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Irfan ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé. Ó ń bá àwọn ọmọdé ṣàwàdà. Àwọn ará àdúgbò ń kí Wàhábì kú oríire.

Oògùn ọsibítù ló wò ó sàn, ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ wí. Hàǹtú ni, ni Sàídátù wí. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wàhábì nìkan ni kò lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Èwo nínú méjèèjì? Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kò lè rí àpótí kó má ṣí i.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé oògùn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Nítorí náà, hàǹtú ló fà yọ. Tàdáwà àti omi ni, kí ló fẹ́ ṣe? Ó sọ fún Sàídátù pé hàǹtú ti tán, pé Ààfáà sì ti rìnrìn àjò. Láti ìgbà náà, omi lásán ni Sàídátù ń bù fún Irfan. Irfan á ju hóró oògùn sẹ́nu, á mu omi, á ní, "Mẹ̀sí, Màmá," á wọ yàrá lọ.

Fóònù dún. Sàídátù ni.

"Bàbá Irfan, ẹ máa bọ̀. Ó tún ti kọjú sí ògiri."

"Èdè wo ló ń sọ?"

"Èdè wo ni kẹ̀? Faransé ni!"

Àyà Wàhábì já. Ṣùgbọ́n lábẹ́ àyà tó já yẹn, nǹkan mìíràn gbérí, ojú sì tì í nítorí rẹ̀. Ó dà bí ayọ̀. Ó ti fa wáyà yọ, ohùn ti yí padà. Hàǹtú ni! Kí wá ni hóró oògùn yẹn ń ṣe nílé òun, èyí tó ń mú kí ẹnu ọmọ gbẹ, tí kì í jẹ́ kó tètè jí láàárọ̀?

"Mò ń bọ̀," ó wí. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ dé Ara."

"Ààfáà ti dé ni?"

Ó pa fóònù.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ mi ńkọ́?" ni Sàká pariwo.

Wàhábì ti gun alùpùpù rẹ̀. Ìgò náà wà nínú àpò tó gbé kọ́rùn.

Ààfáà Mùtàlíbù wà lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, ó ń fọ wàláà. Wọ́n kíra. Wàhábì kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àdàpè bo ọ̀rọ̀, nítorí náà ó sọ ohun tó ṣe, láti orí ìgò títí dé orí irọ́.

Ààfáà gbé wàláà sílẹ̀. "Ẹ rán mi lọ sí ìrìn àjò, n ò mọ̀. Níbo ni mo lọ?"

"Mi ò dárúkọ ibì kankan."

"Ẹ ò bá kúkú ti ní Mẹ́kà ni mo lọ."

"Ẹ má bínú, Ààfáà. Ohun tí mo bá wá nìyí: hàǹtú yín ló ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí i. Láti ìrọ̀lẹ́ òní, mo fẹ́ kó fi oògùn ọsibítù sílẹ̀."

Àwàdà kúrò lójú Ààfáà. "Kí ni Irfan fi ń gbé oògùn náà mì láti ọjọ́ Jímọ̀?"

"Omi."

"Ta ló sọ fún yín pé ó ń gbé e mì?"

Wàhábì gbé àpò kúrò lọ́rùn.

"Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá," ni Ààfáà wí, "ó sọ fún mi pé àwọn tó ń pe òun sọ pé májèlé ni oògùn yẹn. Mo bi í bóyá wọ́n sọ ohunkóhun nípa hàǹtú. Ó ní wọn ò jẹ́ sọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo ronú sí i. Mo pe nọ́ọ̀sì yín, Àpèkẹ́. Ó bi mí ní ohun tó wà nínú tàdáwà mi bí ọlọ́pàá. Mo ní ìrẹsì tí mo yan dúdú ni, kò sí ewé, kò sí egbò. Ó ní ó dáa. Àwa méjèèjì la fẹnu kò pé hàǹtú ni kó máa fi gbé oògùn mì."

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi."

"Mo rò pé ọmọ yín ti sọ fún yín." Ó tún mú wàláà rẹ̀. "Ẹ má fi oògùn ọmọ yẹn sílẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún mọ́tò ṣe, ẹ mọ̀ pé epo nìkan kì í gbé mọ́tò rìn."

Wàhábì gba ọ̀nà Èjìgbò padà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ó rántí ìlàjì òwe náà, kò sì fẹ́ parí rẹ̀ fún ara rẹ̀.

Sàídátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, agolo bọ́tìnnì Irfan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti inú yàrá, ohùn Irfan ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sọ̀rọ̀, á dúró, á tún dáhùn.

"Mo ní kí n wá bọ́tìnnì fún un kó rán," ni obìnrin náà wí, "bóyá iṣẹ́ á gbé ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí mo rí."

Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Wàhábì bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n. Funfun ni wọ́n, wọ́n rí roboto bí bọ́tìnnì ẹ̀wù, ṣùgbọ́n wọn ò ní ihò. Itọ́ ti jẹ etí àwọn kan.

Ó yọ ìgò nínú àpò, ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kò tán. Èmi ni mo gbé e pamọ́."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́."

Sàídátù pa ọwọ́ dé mọ́ àwọn oògùn náà. "Ẹ sọ ọmọ mi di mọ́tò."

Ohun tó sọ ò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Wàhábì pe Nọ́ọ̀sì Àpèkẹ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ó bi í bóyá Irfan ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun tàbí ẹlòmíràn. Wàhábì ní rárá. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má ṣe fi èyí tó ti yẹ̀ kún un, kí wọ́n fún un ní ti òní nìkan, kí wọ́n gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. "Bó bá le sí i kílẹ̀ tó mọ́, ẹ gbé e wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹ sì mú ìgò yẹn dání, Bàbá. Ẹ má tún gbé e pamọ́ fún wa o."

Irfan jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì dákẹ́. Wàhábì bu hàǹtú sínú ife, ó na ife àti hóró oògùn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi nà án, bí ẹni ń fún àgbà ní nǹkan.

Irfan gba ife. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù yín."

"Abẹ́ àpótí irinṣẹ́ ló wà."

"Ẹ̀yin lẹ gbé e lọ?"

"Èmi ni."

Irfan ṣe bìsímíláì. Ó ju oògùn sẹ́nu, ó mu hàǹtú lé e, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe é, ó la ẹnu, ó gbé ahọ́n sókè. Wàhábì wo ibòmíràn.

Ó dúró, ó ń tẹ́tí. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn bó bá dá wáyà padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò tíì yí padà. Irfan ti tún kọjú sí ògiri, ètè rẹ̀ ń mì. Níta, Sàídátù ń ṣa bọ́tìnnì padà sínú agolo, wọ́n ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fóònù Wàhábì gbọ̀n nínú àpò. Sàká ni. Ó pa á.

Ó ti bi dókítà. Ó ti bi nọ́ọ̀sì, ó ti bi Ààfáà. Ó tilẹ̀ bi ìgò.

"Irfan," ó wí. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Irfan yíjú. "Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń pè ọ́."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó ṣì ń pinnu bóyá òun á wọlé. Lẹ́yìn náà, ó sún kúrò níwájú ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ lórí ẹní.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ó wí. "Ó gùn."

Wàhábì bọ́ bàtà. Ó jókòó.